Orin Bàbá Mi Tí Kò Rí Elégbè

Èmi ni mo kọ ètò ọjọ́ náà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, èmi náà ni mo sì fi bàbá mi sí òkè pátápátá, ní aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, kó má rìn jìnnà.

Ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Marcory ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, irú èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní cyber. Ogun tó pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì ti ń rọlẹ̀, ìdìbò tí yóò dá òmíràn sílẹ̀ kò sì tíì dé. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án la ní, méje ló ń ṣiṣẹ́, márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá mi kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Fáànù òkè àjà nìkan ló mọ̀, òun náà ló sì fi ń yangàn fún àwọn oníbàárà.

Bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Papa, ń ta àwo àti ìkòkò lọ́jà. Láti Ìgbòho ni wọ́n ti gun ọkọ̀ akẹ́rù wá kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kúrò ní Ìgbòho rí. Bí òjò bá rọ̀ ní Abidjan, òjò Ìgbòho ni wọn yóò máa ròyìn. Bí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ láàárín àwa tí àwọn ará ìlú ń pè ní Anago, Papa ni wọ́n ń pè wá kọrin. Kì í ṣe orin ńlá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ni, àti elégbè mẹ́rin: màmá mi àti àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n jọ ń tajà.

Orin kan wà tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù. Ègbè rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ kí wọn nílé, ẹ ní mo wà o." Papa yóò lé e, wọn yóò máa dárúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ká bá wọn kí ní Ìgbòho: ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà odò, igi mángòrò ẹ̀yìn ilé bàbá wọn, ajá kan tó ti kú kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá yóò gbè é. Papa kì í lé e bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn lọ́jọ́ náà ni. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Èmi tí mo lọ sílé ìwé náà kò kọ ọ́.

Nígbà tó yá, màmá mi kú. Ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fojú àlejò wo ẹni tí a bí sí ìlú pàápàá, àwọn ìyá mẹ́ta náà sì di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n padà sílé. Papa gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ha. A rò pé ọ̀fìnkìn ni. Dókítà ní kì í ṣe ọ̀fìnkìn, ó ní nǹkan kan ń hù nínú ọ̀fun wọn tí àwọn gbọ́dọ̀ gé kúrò. Ó sì sọ ọ́ lójú mi, kò fi bò, pé ohùn náà lè má padà mọ́. Ó fún wa ní Ọjọ́rú kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ní láti fi gba ohùn bàbá mi sílẹ̀. N kò tún fẹ́ nǹkan mìíràn láyé. Nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi rédíò gbà nígbà kan rí, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì ń dún, ó sì ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo rí yọ nínú rẹ̀ tó ṣeé gbọ́. Mo gbé gbohùngbohùn kékeré kan wálé láti cyber.

"Papa, ẹ kọ ọ́ sínú èyí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

"Ta ni yóò gbè é?"

"Èmi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan? Kí n máa sọ, kí o máa dáhùn? Ẹjọ́ nìyẹn, ọmọ mi, kì í ṣe orin."

Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Papa ní àwọn kò lè kọrin sí ògiri. Èèyàn ni wọ́n ń fẹ́, èèyàn púpọ̀, níbo ni mo sì fẹ́ ti rí wọn?

Inú cyber náà ni mo ti rí wọn. Olórin mẹ́ta wà nínú àwọn oníbàárà mi tí kò sí ilé iṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tó ń fi Nouchi, èdè ìgboro wa, ṣe ráàpù. Ó ń ru páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Zone industrielle de Yopougon, àgbègbè tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin onídìrí tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ń fi gìtá kọrin ní àdúgbò Boribana, kì í sì í sọ̀rọ̀ tó bá ti kí èèyàn tán. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá fi orin wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orin kan yóò gba wákàtí méjì kó tó gòkè, iná yóò sì lọ nígbà tó bá ku díẹ̀. Olúkúlùkù wọn ní èèyàn bí ogójì tó fẹ́ràn rẹ̀, ogójì ti ẹnì kan kò sì mọ ogójì ti ẹnì kejì.

Mo ní kí wọ́n kó àwọn èèyàn wọn pọ̀. Kí wọ́n jọ ṣe eré kan ṣoṣo, kí kálukú pe àwọn tirẹ̀, kí ojú òpó ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé orin àwọn tó kù. A ó ya fídíò gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò gbé ti ara rẹ̀ jáde láìfi ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ti àwọn yòókù sí abẹ́ rẹ̀. Èmi ni n ó ṣe gbogbo iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń gbà lọ́wọ́ wọn: kí Papa jẹ́ ẹnì kẹrin.

Oníráàpù náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Y a pas drap, grande sœur," ó ní. "Ton vieux, c'est notre vieux." Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin; bàbá rẹ, bàbá wa ni.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan tó ṣófo, wọ́n yá wa lò ní Sátidé kan títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Sátidé náà fi ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Ọjọ́rú tí dókítà dá.

Bí mo bá yangàn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ni mo ti lè yangàn. Mo gbé ìṣẹ́jú kan inú kásẹ́ẹ̀tì náà sórí ojú òpó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ ègbè rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lédè Yorùbá, mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Faransé, mo sì fi kún un pé: bàbá yìí kò ní elégbè mọ́, ẹ̀yin tó ń bọ̀ lelégbè wọn, ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó wá. Mo ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo gé e kúrú kó lè wọ fóònù, àwọn èèyàn sì ń ta á látaré láti fóònù sí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà nínú gbaka, bọ́ọ̀sì wa tí kì í sinmi ariwo, mo gbọ́ tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń kọ ọ́ bó ṣe ń pe èrò. Ohùn ọ̀rọ̀ náà wọ́ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n orin bàbá mi ni. Ayọ̀ sọ mí di wèrè. Mo kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ tí a jókòó láti to ètò ni mo ba nǹkan jẹ́. Faransé la fi sọ ọ́, èmi àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníráàpù ní ó yẹ kí Papa kẹ́yìn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, àwọn kéékèèké á kọ́kọ́ mú ilé gbóná, ẹni tó ga jù á wá parí rẹ̀. Ara mi gbóná. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí ìwà mi kò ti dára, ibẹ̀ yẹn ni.

"Kí bàbá mi jókòó sórí àga kan láti ọ̀sán, kí wọ́n máa dúró dè yín?" mo ní. "Nílé wa, àgbà kì í dúró de ọmọdé. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, àgbà ló ń kọ́kọ́ bù."

Ọmọbìnrin onídìrí ní oúnjẹ kọ́ nìyí. Mo bi í pé ta ló bi í. Nígbà náà ni onígìtá, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, gbé ojú sókè.

"Grande sœur, à deux heures, y aura que les chaises."

Ó ní ní aago méjì, àga nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ràn bàbá mi yóò tètè dé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí wọn. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé nítorí pé bàbá mi ni wọ́n ṣe dákẹ́, wọn kò fẹ́ kó dà bíi pé àwọn ń rí àgbàlagbà fín. Mo ka ètò náà fún Papa nílé. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ló ṣíwájú, wọ́n mi orí.

"Àwọn ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́," ni wọ́n wí. Inú mi dùn fún odidi ọjọ́ méjì.

Láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ eré náà ni Papa kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń mu omi gbígbóná, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ń tọ́jú ohùn. Bí wọ́n bá fẹ́ iyọ̀ sí i nínú ọbẹ̀, wọn yóò fi ìka méjì ra ara wọn bí ẹni ń bu iyọ̀ sí i, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ takisí lọ sí Yopougon. Wọ́n wọ bùbá funfun àti fìlà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lórí itan wọn bí ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn.

Igba àga la tò. Nígbà tí aago méjì lù, àwa tó wà níbẹ̀ ni èmi, Papa, ọkùnrin tó ń ya fídíò, ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, àti obìnrin kan tó wá ta omi tútù. Àwọn olórin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàápàá kò tíì dé. Ní Abidjan, bí wọ́n bá pè ọ́ sí aago méjì, aago mẹ́rin lò ń wẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, èmi náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí mo rò pé nítorí tèmi ni ìlú yóò ṣe yí ìwà padà?

Papa dìde. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Papa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Wọ́n ń bọ̀."

Wọ́n la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ohùn wọn sì mọ́ ju bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ láti ọdún méjì. "Aago méjì lo pè mí. Mo ti pèsè ọ̀fun yìí sílẹ̀ fún aago méjì. Èmi lè dúró, òun kò ní dúró."

Wọ́n gòkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ tí kò dára ni, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó dára. Wọ́n kí ìyá arúgbó ẹlẹ́kọ náà. Wọ́n kí ilẹ̀kùn kan tí kì í tì dáadáa, wọ́n kí ẹ̀gbọ́n wọn tó kọ́ wọn ní ẹṣin gígùn, wọ́n kí màmá mi, tí kò dé Ìgbòho mọ́. Lẹ́yìn ìkíni kọ̀ọ̀kan, wọ́n dákẹ́ kí elégbè lè gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń hó. Papa kì í gbe orin fún ara wọn, àwọn tó kọ́ wọn kò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọn yóò mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí àyè ègbè yóò fi kún, wọn yóò sì tún lé òmíràn.

Mo gbè é lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fídíò ni mo dúró sí, ohùn mi sì bo gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin ayàwòrán náà fi ìka sẹ́nu, ó ní kí n dákẹ́. Mo sáré lọ síwájú láti gbè é níbẹ̀, Papa sì mi orí sí mi pé rárá. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo. Ogún ìṣẹ́jú ni. Obìnrin olómi tútù ni ó pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n parí.

Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni èrò dé. Wọn kò dé bí ẹni ń wá, ńṣe ni wọ́n ya wọlé. Igba àga kún, àwọn tó dúró sẹ́yìn pọ̀ ju àwọn tó jókòó lọ. Àwọn olórin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọrin, wọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹnì kan láti ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ ègbè Papa, gbogbo ilé sì gbà á. "Ẹ kí wọn nílé, ẹ ní mo wà o." Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí láyé wọn ń kọ ọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣiṣẹ́. "Le vieux! Le vieux!" wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fẹ́ bàbá náà.

Papa wò mí, mo wo ilẹ̀. Wọ́n gòkè. Ilé dákẹ́. Wọ́n la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde, àti ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń fi kànrìnkàn fọ ìdí ìkòkò. Àwọn èèyàn rò pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n gbè é. Papa tún gbìyànjú, wọ́n tún gbè é, ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, Papa na gbohùngbohùn sí mi.

Mo gòkè. Mo gbà á. Gbogbo wọn ń wò mí, inú wọn ń dùn.

"Ẹ bá mi kí…" mo ní.

Ta ni? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé Ìgbòho, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, ibà sì dá mi dúbúlẹ̀ títí a fi padà. N kò mọ orúkọ odò kankan níbẹ̀. N kò mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Àwọn tí mo ti gbọ́ nínú orin bàbá mi láti kékeré fò lọ kúrò lórí mi pátá, bí ẹni pé wọn kì í ṣe tèmi láti pè. Àwọn èèyàn gbè é bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìdunnú. Mo tún ní, "Ẹ bá mi kí…" Wọ́n tún gbè é. Wọ́n rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Papa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún mi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ọjọ́rú. Papa yè é, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn náà lọ bí dókítà ṣe wí. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló kù, o sì gbọ́dọ̀ gbé etí sún mọ́ wọn kí o tó gbọ́.

Fídíò méjì ló wà lọ́wọ́ mi: ọ̀kan tí Papa ń lé tí kò sẹ́ni tó ń gbè, ọ̀kan tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń gbè tí kò sẹ́ni tó ń lé. Oníráàpù mọ ẹnì kan tó ń to orin pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ká lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbìyànjú. Ìró wọn kò bára mu, àwọn èrò sáré ju Papa lọ, jẹnẹrétọ̀ sì wà nínú méjèèjì. Níkẹyìn, ọkùnrin náà bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Oníráàpù kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Ìbá sọ ọ́, ara ìbá tù mí.

A gbé méjèèjì jáde bí wọ́n ṣe rí, nítorí àdéhùn ni àdéhùn. Olúkúlùkù gbé ti ẹnì kejì, wọ́n sì tàn kálẹ̀ dé ibi tí n kò ronú dé. Láti Cotonou ni wọ́n ti ń kọ̀wé, láti Paris, pé ìgbà wo ni bàbá náà tún ń kọrin, pé wọ́n fẹ́ pè wọ́n. N kò mọ ohun tí n ó fi dá wọn lóhùn. Mo ń ṣí àwọn lẹ́tà náà, mo ń pa wọ́n dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Papa wá sí cyber fúnra wọn. Wọn kò wá rí. Mo fi wọ́n sídìí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà márùn-ún tó dára, mo fi ẹ̀rọ sí wọn létí. Fídíò èrò ni wọ́n wò, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọwọ́ pè mí, mo sì gbé etí sún mọ́ ẹnu wọn.

"Wọ́n mà pọ̀ o. Aago mélòó ni wọ́n dé?"

Mo fẹ́ parọ́. "À cinq heures, Papa." Òtítọ́ ló bọ́ lẹ́nu mi, lédè Faransé: aago márùn-ún.

Wọ́n tún yíjú sí fídíò náà. Èmi ni n kò lè dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, pé àwọn ọmọ náà ní kí Papa kẹ́yìn, pé wọ́n ní àga nìkan ni yóò wà níbẹ̀, pé èmi ni mo kọ̀, pé mo ní àgbà kì í dúró de ọmọdé. Mo ti kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àga, àwọn oníbàárà ti yíjú sí wa, ọ̀gá mi dìde lábẹ́ fáànù rẹ̀. Mo ń sọ pé kí wọ́n dárí jì mí. Papa yọ ẹ̀rọ kúrò létí, wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n tẹ̀ ba títí ẹnu wọn fi kan etí mi.

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.